Àgbà Ló Kọ́kọ́ Ń Wẹwọ́

Mi ò yí nọ́ńbà kankan. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí òun náà ni mo máa ń sọ fún ara mi nígbàkúgbà tí ọ̀rọ̀ yìí bá sọ sí mi lọ́kàn. Gbogbo nọ́ńbà tí mo kọ sínú ìwé yẹn, òótọ́ ni. Mo fi aago kà á, mo fi báírò kọ ọ́, mi ò fi kún un, mi ò sì yọ nínú rẹ̀. Síbẹ̀, bí mo bá ń gba Èbúté Mẹ́ta kọjá, ojú máa ń tì mí débi pé mo máa ń wo ilẹ̀ títí màá fi jáde níbẹ̀.

Àwọn ọdún tí gbogbo ayé ń pariwo pé kọ̀ǹpútà máa dàrú bí ọdún 2000 bá wọlé nìyẹn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, mo gba yàrá kan ní Yábàá, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà kékeré kan tí kò jìnnà síbẹ̀, ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lórí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta aṣọ ilé ìwé. A ò ju mẹ́jọ lọ. Obìnrin méjì ló wà nínú wa, èmi àti Àǹtí.

Àǹtí á tó ẹni ogójì ọdún nígbà náà. Ọmọ òṣìṣẹ́ rélùwéè ni, Èbúté Mẹ́ta ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló sì ń gbé. Kò lọ sí yunifásítì. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ló lọ, rédíò ló ń tún ṣe kó tó bọ́ sídìí kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, tí gbogbo àwa oníwèé ẹ̀rí ń họ orí, Àǹtí á fi etí lé e lára, á ní, "Kò tíì kú o. Ó ń ronú ni." Kò ní pẹ́ sígbà náà tí ẹ̀rọ á fi jí. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́ tí mo fi ń jẹun títí dòní.

Ẹ̀rọ kan wà nínú yàrá wa tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Sáfà ni, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń jókòó sójú kan, tí àwọn kọ̀ǹpútà yòókù á máa bi ní ìbéèrè, tí òun á sì máa fi ìdáhùn ránṣẹ́ sí wọn. Àǹtí tò ó jọ fúnra rẹ̀ láti ara àlòkù oríṣiríṣi, ó wá fi ètò ọ̀fẹ́ kan sí i, irú èyí tí àwọn oníkọ̀ǹpútà káàkiri ayé jọ ń kọ tí wọ́n sì ń pín fún ara wọn. Nítorí pé ẹ̀rọ náà ti dàgbà, tó sì máa ń kùn ṣáá bí ẹni tí ọmọ ilé ń ṣẹ̀, a sọ ọ́ ní Ìyá Àgbà.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Sùúrùlérè ló gbé iṣẹ́ wá. Wọ́n fẹ́ kí akọ̀wé wọn lè tẹ orúkọ aláìsàn sójú kọ̀ǹpútà, kí ó sì rí i lójú ẹsẹ̀ pé orí pẹpẹ báyìí ni káàdì ẹni náà wà, dípò kí aláìsàn máa jókòó láti àárọ̀ tí wọ́n ń tú ilé fáìlì. Àǹtí àti èmi la jọ kọ ètò tí á máa ṣe iṣẹ́ náà. Ó kù kí a mọ sáfà tí a máa gbé e lé. Àwa méjèèjì rò pé Ìyá Àgbà ni, àfi bí Ọ̀gá ṣe dé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú páálí ńlá.

Sáfà tuntun ló wà nínú rẹ̀, ó ń dán gbinrin, ètò olówó tí wọ́n rà pẹ̀lú ìwé àṣẹ ló sì wà lórí rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ táì ló tẹ̀ lé e wọlé, òun ló mọ̀ ọ́n lò. Kò tó wákàtí kan tí a fi sọ ẹ̀rọ náà ní Ìyàwó. Ẹ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè ohun tí a ń pe ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ọkọ Ìyàwó ni, ó sì ń jẹ́ ẹ.

Ọ̀gá ní òun ò lè máa tọ́jú oríṣi ẹ̀rọ méjì nínú yàrá kan. Ó ní kí a gbé ètò wa sórí àwọn méjèèjì, kí a wo èyí tó yára jù. Èyí tó bá yára ni á lọ sí Sùúrùlérè, òun náà ni gbogbo iṣẹ́ tó bá tún wọlé á máa lọ sórí rẹ̀. Kò sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ń tọ́jú èyí tó bá fìdí rẹmi. Àǹtí ló sọ ọ́ fún mi nígbà tí a jókòó lórí àtẹ̀gùn tí a ń jẹ ẹ̀pà.

Ó ní, "Bí wọ́n bá gbé Ìyá Àgbà jáde, èmi náà ti bá a lọ nìyẹn. Àbí iṣẹ́ kí ni màá tún máa ṣe níbí?"

Mo ní, "Àǹtí, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́."

Ó ní, "Má dá mi lóhùn bí ọmọdé. Ta ló fẹ́ gba obìnrin tó ti pé ogójì, tí kò ní dìgírì, sídìí kọ̀ǹpútà?" Ó ju ẹ̀pà sẹ́nu, ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò sí nínú ẹ̀rín náà.

Èmi ni Ọ̀gá yàn pé kó ṣe ìdánwò náà. Ó ní Àǹtí àti Ọkọ Ìyàwó kò gbọdọ̀ wọ yàrá tí àwọn sáfà wà títí màá fi parí, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣojúsàájú. Ó wá sọ lójú gbogbo èèyàn pé, "Ọmọ yìí ló ní ẹ̀kọ́ ilé jù nínú yín." Orí mi wú. Ẹ̀kọ́ ilé! Kò sí ohun tí wọ́n lè fi yìn mí tó máa dùn mọ́ mi ju ìyẹn lọ. Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá mi ti wá, Pápá Àjàó ló ti ń ta òwú àti bọ́tìnnì fún àwọn télọ̀, ilé wa níbẹ̀ sì le bí ilé ológun. Nílé wa, bí ọwọ́ ọmọdé bá kan omi kí àgbà tó wẹwọ́, ojú lonítọ̀hún á fi jẹ oúnjẹ ọjọ́ náà. "Ọmọ tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun." Èmi mọ ọwọ́ wẹ̀ o. Mo mọ̀ ọ́n wẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Bí ìdánwò náà ṣe rí nìyí. Orúkọ àwọn aláìsàn ò sí lórí Ìyá Àgbà, kò sì sí lórí Ìyàwó. Ẹ̀rọ kẹta ni a kó wọn sí, a ń pè é ní Àká. Fún ìdánwò náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún orúkọ tí a hùmọ̀ fúnra wa la kó sínú rẹ̀. Bí mo bá bi Ìyá Àgbà ní orúkọ kan, á lọ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ Àká, á sì gbé e wá fún mi. Bí mo bá bi Ìyàwó, ọ̀dọ̀ Àká kan náà ló ń lọ. Iṣẹ́ mi ni pé kí n tẹ orúkọ, kí n tẹ aago ọwọ́ mi, kí n ka iye ìṣẹ́jú àáyá tó gbà kí ìdáhùn tó jáde. Lẹ́yìn náà, màá tẹ orúkọ kan náà sí èkejì. Ogún orúkọ tuntun lójoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko.

Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n tó jáde fún mi nínú yàrá, mo fa àtẹ sínú ìwé. Ìyá Àgbà lápá òsì, Ìyàwó lápá ọ̀tún. Mo jókòó sídìí Ìyá Àgbà.

Ọkọ Ìyàwó ní, "Kí ló dé tó jẹ́ pé tiwọn lo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀?"

Ẹ ò mọ̀ mí. Inú mi kì í pẹ́ bí, ẹnu mi sì máa ń ṣáájú ọpọlọ mi dé ibi tí wọ́n ń lọ. Mo yíjú sí i, mo ní, "Ṣé wọn ò kọ́ yín nílé yín pé àgbà ló kọ́kọ́ ń wẹwọ́ ni? Ṣé ìyàwó tó dé láná ló máa ṣíwájú ìyá ilé bu oúnjẹ?" Háà, wọ́n rẹ́rìn-ín! Ọ̀gá fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Àǹtí gbá mi léjìká, ó ní, "Ọmọ dáadáa." Ni gbogbo wọn bá jáde, mo sì ti ilẹ̀kùn.

Bí mo ṣe ṣe é lọ́jọ́ náà ni mo ṣe é lọ́jọ́ gbogbo. Ní gbogbo orúkọ, Ìyá Àgbà ni mo kọ́kọ́ ń bi. Mi ò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni ń fi ọwọ́ ọ̀tún gba nǹkan ni. Ní gbogbo orúkọ náà sì ni Ìyàwó ń fi í sílẹ̀. Bí Ìyá Àgbà bá lo ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, Ìyàwó á lo méjì. Ó ń dùn mí wọra. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ọjọ́ kan wà tí mo kúnlẹ̀ sídìí ẹ̀rọ yẹn nínú yàrá tí kò sí ẹnikẹ́ni, tí mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yára díẹ̀." Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà ló fi dá mi lóhùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Ọ̀gá pè wá jọ láti ka èsì. Ó kà á tán, Ọkọ Ìyàwó ń tún táì rẹ̀ ṣe. Àǹtí na ọwọ́, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rí ìwé náà. Ó wò ó láti òkè délẹ̀, ó tún padà sókè. Ó wá gbójú sókè, ó wò mí, ó sì bi mí ní ìbéèrè kan.

"Ṣé o ń yí wọn padà?"

Ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré. Àmọ́ ohun tí mo gbọ́ ni pé, ṣé o yí àwọn nọ́ńbà yìí padà? Ṣé o gba rìbá lọ́wọ́ Ọkọ Ìyàwó? Èmi! Èmi tí mo fi òun ṣáájú ní gbogbo ìgbà, èmi tí mo kúnlẹ̀ fún ẹ̀rọ rẹ̀! Ẹ̀jẹ̀ gun orí mi. Mo dìde dúró, mo nàka sókè.

"Àǹtí, èmi? Ọlọ́run ń gbọ́ o, mi ò yí wọn padà! Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mi ò yí wọn padà! Bí mo bá yí wọn padà, kí n má rí ire!"

Àǹtí gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, ó ní, "Fara balẹ̀ kó o gbọ́ mi, ohun tí mò ń béèrè ni pé..."

Ọ̀gá já lù ú. "Àǹtí, ó tó. Ọmọ ti búra. Ẹ jẹ́ ká gba kámú." Ó ní Àǹtí á ṣiṣẹ́ parí ọ̀sẹ̀ náà. Ó wá yíjú sí mi, ó ní láti Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, èmi ni màá jẹ́ olórí yàrá sáfà. Mi ò wo ojú Àǹtí títí a fi lọ sílé.

Lọ́jọ́ kejì, Ọjọ́rú, mo dá wà nínú yàrá náà. Mo fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo Ìyàwó dáadáa, torí náà ìdí rẹ̀ ni mo jókòó sí, mo tẹ orúkọ kan tí a kò lò rí. Ó pẹ́. Mo rò pé iná ló fà á. Mo tẹ orúkọ mìíràn, òun náà pẹ́, ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Mo ní kí n fi han Ìyá Àgbà pé Ìyàwó náà ti ń falẹ̀ bíi tirẹ̀, ni mo bá tẹ orúkọ kan náà sí i. Fìrì, ó ti jáde! Ìṣẹ́jú àáyá kan ààbọ̀.

Mo ṣe ogún orúkọ mìíràn, Ìyàwó ṣáájú, Ìyá Àgbà tẹ̀ lé e. Ní gbogbo ogún náà, Ìyá Àgbà ló jáwé olúborí. Nígbà náà ló tó yé mi. Àká ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ béèrè orúkọ kan, Àká á wọ inú lọ wá a kiri, á tú ẹrù, á sì gbé e jáde. Ẹni tó bá béèrè ṣìkejì, orúkọ náà ti wà lẹ́nu ọ̀nà, mímú ló kàn máa mú un. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń rán Ìyá Àgbà lọ tú ilé, tí Ìyàwó ń jókòó jẹ ohun tí Ìyá Àgbà wá rí. Èmi ni mo ṣe é. Ẹ̀kọ́ ilé mi ló ṣe é.

Ìgbà yẹn náà ni mo tó gbọ́ ìbéèrè Àǹtí. "Ṣé o ń yí wọn padà?" Ohun tó ń béèrè ni pé, ṣé mò ń pààrọ̀ wọn, kí èyí ṣáájú lónìí, kí èkejì ṣáájú lọ́la? Ó wo ìwé náà lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti rí i. Èmi sì fi orúkọ Ọlọ́run búra lójú gbogbo ayé pé mi ò yí wọn padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òótọ́ pọ́ńbélé ni mo búra lé lórí. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, èmi sì la tèmi mọ́lẹ̀ tagbára tagbára.

Ohun tó yẹ kí n ṣe ò le. Kí n rìn dé yàrá kejì, kí n ní, "Ọ̀gá, mo ṣàṣìṣe." Mo dìde lóòótọ́. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìbúra mi, tí wọ́n ń fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀, tí Ọ̀gá ń sọ pé ọmọ tó dúró lórí òótọ́ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ìyá mi náà ti sọ fún gbogbo télọ̀ Pápá Àjàó pé ọmọ òun ti di olórí. Mo padà lọ jókòó. Mo ní ó di ọ̀la.

Lọ́jọ́ kejì, Ọjọ́bọ̀, mo lọ sídìí tábìlì Àǹtí. Ó ń di àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò. Ó gbójú sókè kíákíá, bí ẹni tó ti ń retí mi. "Ṣé o fẹ́ sọ nǹkan ni?"

Mo ní, "Rárá mà. Mo ní kí n wá bá yín di ẹrù ni."

Ó wò mí díẹ̀. "O ṣé," ló wí, ó sì sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún mi.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Ọ̀gá ní kí ó máa gbé Ìyá Àgbà lọ, wọn ò nílò rẹ̀ mọ́. Èmi àti Àǹtí la jọ gbé e sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tí a ti máa ń jẹ ẹ̀pà, òun níwájú, èmi lẹ́yìn, a gbé e sẹ́yìn takisí. Mo kúnlẹ̀ kí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Àwọn tó ń kọjá ń wò mí pé ọmọ dáadáa nìyí. Lọ́jọ́ Ajé, mo jókòó sórí àga rẹ̀. Ìyàwó lọ sí Sùúrùlérè, ó sì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ wẹ́rẹ́, kò sí ẹni tó bi mí ní nǹkan kan. Bí ó bá tilẹ̀ kọṣẹ́, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn láti sọ̀rọ̀.

Ó lé ní ọdún kan kí n tó lọ wo Àǹtí. Kì í ṣe ìgboyà ló gbé mi lọ, ẹ̀rù ni. Ó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí 2000 wọlé, gbogbo ìjọ ni wọ́n ti ń wàásù pé kí oníkálukú lọ tún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣe, èmi tó yẹ kí n mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà náà ń fòyà. Mo wọ Èbúté Mẹ́ta lọ́sàn-án Àbámẹ́ta. Mo bá Àǹtí níwájú ilé wọn, níbi tó ti fi tábìlì kan ṣe ṣọ́ọ̀bù. Rédíò ló tún ń tún ṣe. Mo rí Ìyá Àgbà lábẹ́ tábìlì, wọ́n ti tú ikùn rẹ̀, àwọn wáyà rẹ̀ ti di èlò ara rédíò.

Inú rẹ̀ dùn sí mi. Ìyẹn ló pa mí jù. Ó ní mo ti sanra, ó ní ṣé Ọ̀gá ṣì ń pariwo. Ó fà mí wọlé, ó gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí wá, ó ní a jọ máa jẹ ẹ́ ni. Mo ti há ọ̀rọ̀ mi sórí láti Yábàá. Mo ní, "Àǹtí, ọ̀rọ̀ ìdánwò yẹn..."

Ó gbé ọwọ́ dá mi dúró. "Àwọn ẹ̀rọ yẹn, o kò pààrọ̀ wọn. Mo mọ̀. Mo rí i nínú ìwé lọ́jọ́ náà."

Mo ń wo abọ́ ọbẹ̀.

Ó ní, "Ó dùn mí o, mi ò ní parọ́ fún ọ. Mo jókòó dè ọ́ Ọjọ́rú, mo jókòó dè ọ́ Ọjọ́bọ̀. Bí èmi fúnra mi bá sọ ọ́, wọ́n á ní nítorí iṣẹ́ mi ni. Mo ní bó bá yé ọmọ yìí, á wá. Nígbà tí o ò wá, mo ní, ó dára, kò yé e ni. Ọmọdé ni, inú ló bí i, kò gbọ́ ohun tí mo bi í. Ohun tí mo fi ń tu ara mi nínú nìyẹn láti ọjọ́ yìí." Ó tẹjú mọ́ mi, ojú rẹ̀ rọ̀. "Kò yé ọ nígbà yẹn, àbí?"

Wọ́n ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Òótọ́ bá mi lọ́jọ́ náà, nínú pálọ̀ Èbúté Mẹ́ta, ó jókòó kọjú sí mi. Gbogbo ohun tí mo ní láti sọ ni pé Ọjọ́rú ni.

Mo ní, "Kò yé mi, Àǹtí."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Mo mọ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀." Ó fa abọ́ omi mọ́ra, ó sì nà án sí mi kí n wẹwọ́.

Mo ní, "Rárá mà. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ wẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ dáadáa," ló wí, ó wẹwọ́ tirẹ̀, ó sì ti abọ́ náà sọ́dọ̀ mi.